Káàdì Tí Àǹtí Wen Fún Mi

Ọjọ́ mẹ́jọ ni òfin wa ní kí wọ́n fún òṣìṣẹ́ tó bá ṣe ìgbéyàwó kó fi sinmi. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí A-chang tó ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbi iṣẹ́ fẹ́yàwó, ó gba ọjọ́ mẹ́jọ tirẹ̀, ó lọ sí etíkun, oòrùn sì bó imú rẹ̀ kó tó padà wálé, gbogbo wa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan èmi Chiu Yu-fang, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ọ̀rọ̀ náà di òkè ńlá lójú mi, nítorí obìnrin ni mí, obìnrin ni mo sì fẹ́ fẹ́.

Shu-ling lorúkọ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni ní ilé ìwòsàn ojú kan ní Taichung níbí. Ọdún méje la ti jọ ń gbé. Láti ọdún 2019 ni ìjọba ti gbà kí obìnrin fẹ́ obìnrin, kí ọkùnrin sì fẹ́ ọkùnrin, nítorí náà kò sí ohun tó dí wa lọ́wọ́ láti lọ forúkọ sílẹ̀, àfi èmi fúnra mi. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe bíréèkì kẹ̀kẹ́ ni mo wà. Èmi ni mo máa ń yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó kó o sínú páálí. Ẹni tó bá fẹ́ ìsinmi ìgbéyàwó yóò kọ orúkọ ẹni tó fẹ́ sínú fọ́ọ̀mù, yóò sì gbé e lọ sórí tábìlì Àǹtí Wen.

Àǹtí Wen Mei-chu ni ọ̀gá tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni. Ó gé irun rẹ̀ kúrú, kì í rẹ́rìn-ín, tó o bá sì fi ìṣẹ́jú mẹ́ta pẹ́ dé, ìṣẹ́jú mẹ́ta náà ni yóò kọ sílẹ̀, kò ní fi ìkan jì ọ́. Gbogbo ohun tí a mọ̀ nípa rẹ̀ kò ju pé kò lọ́kọ lọ.

"Òfin ni," Shu-ling wí fún mi. "Kì í ṣe ojúrere lò ń tọrọ."

"Òfin wà ní olú ìlú, ní Taipei," mo dá a lóhùn. "Àǹtí Wen ló wà ní Taichung."

"Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n! Ṣé kí n gbé àga wá kó o wá jókòó kọ́ wa?"

Òun náà ló gbọ́ nípa ìpàdé kan ní Taipei, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ bíi tiwa ti máa ń pàdé lẹ́ẹ̀kan lóṣù láti mọra wọn, láti wáṣẹ́ fúnra wọn, láti bi lọ́yà ní ohun tí wọn ò lè bi ọ̀gá wọn. Ó ní dandan, mo gbọ́dọ̀ lọ. Ó ní òun ò ní bá mi lọ, nítorí tí òun bá lọ, èmi ò ní la ẹnu mi.

Bí mo ṣe wọ ọkọ̀ ojú irin lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan nìyẹn. Òkè ilé kọfí kan ni ìpàdé náà wà. Lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n ti ń fúnni ní àlẹ̀mọ́: aláwọ̀ ewé bó o bá gbà kí wọ́n ya fọ́tò rẹ, pupa bó ò bá gbà. Pupa ni mo mú. Nígbà tí mo wo yíká, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ilé ló mú pupa, ẹni tó sì gbé kámẹ́rà dání kàn jókòó tó ń mu kọfí rẹ̀ ni.

Àwọn ènìyàn ń fọwọ́ méjèèjì fún ara wọn ní káàdì. Ọkùnrin kan ní báńkì lòun wà. Obìnrin gíga kan tó ń jẹ́ Pei-chi ní kireeni tó ń gbé ẹrù lòun ń wà ní èbúté Keelung. Ó ní orúkọ ọkùnrin tí wọ́n sọ òun nígbà tí wọ́n bí òun ló ṣì wà lára káàdì òun níbi iṣẹ́, òun lẹ ìwé funfun bò ó, òun fi bírò kọ tuntun sí i. "Ẹ má fi ọwọ́ omi kàn án o," ó wí, a bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé orúkọ ilé iṣẹ́ wa hàn gbangba lára káàdì tèmi, mo sì ti fún ènìyàn mẹ́fà.

Lọ́yà kan tó ń jẹ́ Kang dìde, obìnrin kúkúrú tó ń sọ̀rọ̀ kíákíá. Ó ní, "Tí ọ̀gá yín bá fìyà jẹ yín nítorí ẹni tí ẹ fẹ́ràn, tàbí nítorí pé ìrísí yín ò jọ ti ọkùnrin tàbí ti obìnrin lójú rẹ̀, ó ti rú òfin nìyẹn. Ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìlú yín tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Tí ẹ bá ti lè fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà rúni lójú, òun ọ̀gá ni yóò wá sọ ìdí tó fi ṣe é."

Ọkùnrin báńkì nawọ́. "Lọ́yà, a gbọ́ ti òfin. Ṣùgbọ́n tí mo bá pe ọ̀gá mi lẹ́jọ́ tán, ta ni yóò bá mi jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ kejì?"

A rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò dé ikùn ẹnikẹ́ni.

Mo yíjú kí n bu omi mu. Ẹni tó dúró níwájú ẹ̀rọ omi, pẹ̀lú ìbòmú lẹ́nu àti àlẹ̀mọ́ pupa láyà, Àǹtí Wen ni.

Òun náà ti rí mi. Ó fa ìbòmú rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀.

"Yu-fang."

"Àǹtí Wen. Ẹ káàsán mà."

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, mà. Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Mo ti jẹun."

Lẹ́yìn náà ló tọwọ́ bọ àpamọ́wọ́, ó mú káàdì rẹ̀ jáde, ó fọwọ́ méjèèjì nà án sí mi, ó tẹrí ba díẹ̀, bíi pé a ò rí ara wa rí láyé! Kí ni kí n ṣe? Mo gbà á. Mo fọwọ́ méjèèjì fún un ní tèmi, káàdì tó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ fún mi. Ó kà á látòkè délẹ̀. Ó ní, "Inú mi dùn láti mọ̀ ọ́," ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ.

Nígbà tí mo délé, mo gbé káàdì náà ka orí tábìlì. Èmi àti Shu-ling jókòó tì í bí ẹni tó jókòó ti aláìsàn.

"Ọ̀kan nínú wa ni," Shu-ling wí.

"Bóyá ilé iṣẹ́ ló rán an. Àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń wá síbẹ̀ láti wá òṣìṣẹ́."

"Ilé iṣẹ́ bíréèkì yín? Ṣé o ń ṣe àlá ni?"

"Tàbí ó wá wò bóyá ẹnì kan nínú wa wà níbẹ̀."

"Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó ti rí ọ. Kí ló wá ṣe tó fún ọ ní káàdì?"

Lọ́jọ́ Ajé, Àǹtí Wen dúró lẹ́nu ọ̀nà bó ṣe máa ń dúró, ó wo aago, ó ní "Ẹ káàárọ̀" fún mi bó ṣe ń sọ ọ́ fún ẹ̀rọ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bẹ́ẹ̀ náà ni. Nígbà tó fi máa di òpin ọ̀sẹ̀, mo ti ń rò ó pé bóyá ẹni tó jọ ọ́ ni mo rí. Ṣùgbọ́n káàdì wà nílé.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án ni lẹ́tà dé. Ilé iṣẹ́ ń gbé mi lọ sí ẹ̀ka wa ní Pingtung, lọ́hùn-ún ní gúúsù pátápátá, níbi tí ènìyàn ò lè máa lọ kó máa bọ̀ lójoojúmọ́. Wọ́n sì fi mí ṣe ọ̀gá níbẹ̀. Ọ̀gá! Lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ tí mo ti ń wo bíréèkì.

A-chang gbá mi lẹ́yìn. "Ọ̀gá Chiu! Má gbàgbé wa o. Tó o bá dé Pingtung, fi máńgòrò ránṣẹ́."

Gbogbo wọn ń bá mi yọ̀, èmi náà sì ń rẹ́rìn-ín. Ṣé wọ́n gbé mi ga ni àbí wọ́n gbé mi jù síta? Ẹni tí wọ́n lù, tí wọ́n sì fi àkàrà dí lẹ́nu, ṣé kó sunkún ni àbí kó jẹun? Nísàlẹ̀ lẹ́tà náà, ìbuwọ́lù Bàbá Ku tó ni ilé iṣẹ́ ló wà níbẹ̀. Lókè rẹ̀, ní ibi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ ẹni tó dábàá, "Wen Mei-chu."

Mo pe Lọ́yà Kang lórí fóònù.

"Ṣé o gbà láti lọ?" ó bi mí.

"Mi ò tíì sọ nǹkan kan."

"Ó dáa. Ọ̀nà méjì ló wà. Èkíní, o lè sọ pé wọ́n gbé ọ lọ nítorí pé o fẹ́ obìnrin. Ṣùgbọ́n wọn yóò bi ọ́: báwo ni ẹni tó dábàá rẹ̀ ṣe mọ̀? Níbo ló ti rí ọ?"

"Kí ni kí n wá sọ?"

"Òótọ́. Pé ẹ jọ pàdé níbẹ̀."

"Ìkejì ńkọ́?"

"Òfin ò gbà kí ọ̀gá gbé òṣìṣẹ́ lọ sí ọ̀nà jíjìn láìwo ti ẹbí rẹ̀. Tí ẹnì kejì rẹ bá wà ní Taichung, kọ ọ́ sínú lẹ́tà, kó o ní o ò lọ. O ò nílò láti dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n o gbọ́dọ̀ kọ ẹni tí ẹnì kejì rẹ jẹ́."

Ẹ ò rí i bí? Tí mo bá gba ọ̀nà kìíní, àṣírí Àǹtí Wen ni yóò tú. Tí mo bá gba ìkejì, tèmi ni. Mo béèrè lọ́wọ́ Lọ́yà Kang èwo ló dáa jù. Ó ní òun lè sọ èyí tó bófin mu; méjèèjì ló bófin mu.

Kí n tó mú èyíkéyìí, mo ní màá gbọ́ tẹnu Àǹtí Wen ná. Ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán, nígbà tí gbogbo ènìyàn ti gba ìrẹsì inú páálí wọn, òun nìkan máa ń lọ sẹ́yìn ilé lọ bomi rin òdòdó tó gbìn sínú agolo ọ̀dà. Mo bá a níbẹ̀.

"Àǹtí, kí ni mo ṣe yín?"

Kò gbójú sókè. "Ipò ni mo fún ọ."

"Mi ò tọrọ ipò. Ẹ rí mi ní Taipei, ẹ sì gbé mi lọ sí Pingtung."

Omi inú ìkòkò rẹ̀ tán, àmọ́ ó ṣì ń da á. "Ta ló rán ọ wá síbẹ̀?" ó bi mí.

"Ta ló rán mi, bíi ti báwo?"

"Ta ló ní kó o tẹ̀ lé mi?"

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo fẹ́ sunkún. "Àǹtí Wen, èmi ni mo ń bẹ̀rù pé ẹ̀yin lẹ tẹ̀ lé mi! Mo fẹ́ ṣe ìgbéyàwó. Obìnrin ni. Mo lọ béèrè bí n ó ṣe gbé fọ́ọ̀mù wá sórí tábìlì yín."

Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn. N kò rí i kó jókòó lórí àtẹ̀gùn rí.

"Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni èmi àti obìnrin kan ti jọ ń gbé," ó wí. "Gbogbo àdúgbò ló rò pé ìbátan mi ni. Títí ìyá mi fi kú, ìbátan mi ló mọ̀ ọ́n sí. Lóṣù tó kọjá ló sọ pé òun ò fẹ́ jẹ́ ìbátan mọ́. Ó ní kí n lọ gbọ́ ohun tí òfin wí. Ẹ̀ẹ̀kan péré tí mo lọ nìyẹn. Ẹni tí mo kọ́kọ́ rí sì ni òṣìṣẹ́ mi." Ó wò mí. "Mi ò sùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo kàn fẹ́ kó o jìnnà sí mi ni. Mo wá wò ó pé kí n fi ipò sí i, kó má bàa dùn ọ́."

"Ó dùn mí, mà."

"Mo mọ̀."

"Ẹ fagi lé e nígbà náà."

"Kí n sọ fún Bàbá Ku pé kí ni? Ó ti fọwọ́ sí i." Ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀. "Ohun tí mo ṣe yẹn, òfin ò gbà á. Mo ka òfin náà dáadáa. Tó o bá fẹ́ fẹjọ́ sùn, oṣù kan ni ọ́fíìsì ìjọba yóò kọ́kọ́ fi bi wá léèrè ọ̀rọ̀. Kọ déètì sílẹ̀."

Ó wọlé lọ, ó fi mí sílẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ mí ló kọ́ mi bí n ó ṣe fẹjọ́ òun sùn. Mo wo àwọn òdòdó inú agolo, mi ò mọ̀ bóyá kí n ta wọ́n nípàá.

Nígbà tí mo sọ fún Shu-ling, ó lu tábìlì. "Fẹjọ́ sùn! Ó fẹ́ gbé ọ sọnù bí ológbò. Nítorí pé ó jọ wá kò ní ká má mú un."

"Tí mo bá mú un, obìnrin tó ń bá a gbé ńkọ́?"

"Ìwọ ńkọ́? Èmi ńkọ́? Ta ló ń ro tèmi?"

Òótọ́ ló sọ, èyí ló sì burú níbẹ̀: òótọ́ ni gbogbo ohun tó sọ, síbẹ̀ ọwọ́ mi ò lè kọ ẹjọ́ náà.

Lọ́jọ́rú tó tẹ̀ lé e, a mú ẹlẹ́rìí méjì, a lọ forúkọ sílẹ̀. Kò pé ogójì ìṣẹ́jú. Wọ́n fún wa ní káàdì ìdánimọ̀ tuntun. Orúkọ Shu-ling wà lẹ́yìn tèmi, orúkọ mi wà lẹ́yìn tirẹ̀. Akọ̀wé tó ṣe é fún wa ń jẹ bisikíìtì, ó ní "Ẹ kú oríire," ó pe ẹni tó kàn.

Ní ọjọ́ kejì mo kọ lẹ́tà mi, mo kọ "ìyàwó mi" sínú rẹ̀, mo fi fọ́ọ̀mù ìsinmi tì í, mo gòkè lọ sí ọ́fíìsì Bàbá Ku. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni bàbá náà, ẹ̀rọ méjì péré ló fi dá ilé iṣẹ́ wa sílẹ̀. Ó ń da tíì sínú àwọn ife kéékèèké. Àǹtí Wen dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn pẹ̀lú fáìlì mi.

"Jókòó, mu tíì. Wọ́n ní o ò lọ sí Pingtung. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ń lépa ipò, ìwọ ń sá fún un?"

"Bàbá, mi ò sá. Ẹnì kejì mi wà níbí. Òfin ní kí ẹ wo ti ẹbí òṣìṣẹ́ kí ẹ tó gbé e."

Ó gbé lẹ́tà náà jìnnà sójú rẹ̀, ó tún gbé e súnmọ́. "Pan Shu-ling. Orúkọ obìnrin nìyí."

"Obìnrin ni, sà."

"O fẹ́ obìnrin."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó wà lẹ́yìn káàdì mi." Mo gbé e síwájú rẹ̀. Ó yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn, bí ìgbà tí èmi bá ń yẹ bíréèkì wò.

"Ìjọba ló tẹ èyí?"

"Ìjọba ni, Bàbá."

Ó mu tíì rẹ̀ tán. Ó da òmíràn. Mo ti há gbogbo ọ̀rọ̀ Lọ́yà Kang sórí, wọ́n ti tò sí mi lẹ́nu.

"Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?"

"Nọ́ọ̀sì ni, sà. Ní ilé ìwòsàn ojú."

"Ojú?" Bàbá sún síwájú. "Ojú òsì mi yìí, láàárọ̀, ó máa ń dà bíi pé èéfín bò ó. Bá mi bi í, kí nìyẹn?"

Mo ti múra ogun, ojú òsì ni wọ́n ń bá mi sọ. Mo ní n ó bi í. Mi ò mọ̀ bóyá bàbá yìí gbà mí ni, àbí kò tiẹ̀ gbọ́ ohun tí mo sọ.

"Ta ló tilẹ̀ ní kí wọ́n gbé ọmọ yìí lọ?" ó béèrè.

"Èmi ni," Àǹtí Wen dáhùn.

"Kí ló dé?"

Mo di tábìlì mú. Àǹtí Wen ò wo ojú mi. Ó ní, "Mo ṣe bí ẹni pé kò ní ẹnikẹ́ni níbí. Mi ò bi í léèrè. Ó yẹ kí n bi í."

"Ó yẹ kó o bi í. Fà á ya, kó o wá ẹlòmíràn."

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo dúró dè é, mo rò pé yóò sọ̀rọ̀. Ó sọ ọ́ lóòótọ́. Ó ní, "O kọ déètì sí ibi tí kò yẹ nínú fọ́ọ̀mù ìsinmi. Lọ tún un kọ."

Mo tún un kọ. Ó fọwọ́ sí i, ọjọ́ mẹ́jọ pé pérépéré.

Nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, mo kó àwọn páálí bisikíìtì ìgbéyàwó wá fún gbogbo ènìyàn, bí gbogbo ẹni tó bá ṣe ìgbéyàwó ti máa ń ṣe. A-chang jẹ tirẹ̀ níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó ní, "Ọdún mẹ́jọ ni mo fi ń bá ọ wá ọkọ! O jẹ́ kí n máa ṣe wàhálà lásán." Obìnrin kan nínú àwọn tó ń di páálí dá tirẹ̀ padà sórí tábìlì mi láìsọ nǹkan kan. Àǹtí Wen gba tirẹ̀. Ó lọ, ó padà wá.

"Ṣé ó ṣẹ́ kù?"

"Ó ṣẹ́ kù, mà."

"Fún mi ní ọ̀kan sí i. Fún ẹni tí a jọ ń gbé."

Ó sọ ọ́ sókè láàárín ọ́fíìsì. Kò sẹ́ni tó gbójú sókè. Mo ní lọ́kàn mi pé ó parí nìyí, ó ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀rù.

Lóṣù kan lẹ́yìn náà, Shu-ling ti ibi iṣẹ́ dé, ó gbé oúnjẹ síwájú, kò lè jẹ ẹ́. Ó ní Àǹtí Wen ló mú obìnrin àgbàlagbà kan wá fún iṣẹ́ abẹ ojú. Obìnrin náà ń rẹ́rìn-ín, ó di ọwọ́ aṣọ Àǹtí Wen mú. Àǹtí Wen ò mọ ojú Shu-ling; orúkọ tó kọ sílẹ̀ ni Shu-ling fi dá a mọ̀. Àmọ́ lára káàdì tó wà láyà Shu-ling, orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, orúkọ tí Àǹtí Wen ti rí nínú lẹ́tà mi. Ó tẹjú mọ́ ọn.

"Mo bi í pé kí ló jẹ́ sí aláìsàn. Ibẹ̀ ló kàn nínú fọ́ọ̀mù."

"Kí ló wí?"

"Ìyá àgbà náà yíjú sí i, ó ń retí. Gbogbo àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń retí." Shu-ling ti àwo oúnjẹ rẹ̀ sẹ́yìn. "Ó ní, 'Ìbátan.'"

"Kí lo wá kọ?"

"Ohun tó sọ ni mo kọ. Kí ni ǹ bá kọ?"

Mo gbé àwo náà padà síwájú rẹ̀.